Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ó jọ ara rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀?

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ wọn sì fẹ́ jọra. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ méjì lélẹ̀. "Ìjọra-ẹni-lójú" la ó máa pe ìwà tí àwọn òyìnbó fi orúkọ Narcissus sọ, ìyẹn ọmọkùnrin inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tó rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi tí kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. "Ìdánilójú àṣejù" ni tiwa fún ìgbà tí ohun tó dá èèyàn lójú bá ti ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. Ẹnì kan lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń jọ rìn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni ọkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, kì í lè sọ fún oníbàárà pé "ó ti tó". Lọ́dún tó kọjá, ó gba agbádá 40, 23 ló rí parí kí Iléyá tó dé. Ó ní iná mànàmáná àti àwọn ọmọṣẹ́ ló fà á. Lọ́dún yìí ó ti gba 58. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ta ló tún ń rán agbádá nílùú yìí bíi tèmi?" Ṣé ìgbéraga ni, àbí kò mọ̀ ni? (Ìyàwó télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Àìmọ̀ máa ń jọ ìgbéraga lójú ẹni tó dúró lókèèrè, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti àìmọ̀ rèé. Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ní Yunifásítì Cornell dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí gírámà, ìrònú tó mọ́gbọ́n dání àti mímọ àwàdà tó dùn. Àwọn tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn, ká ní èèyàn 100 la kó jọ, èèyàn bí 12 péré ni wọ́n sàn jù. Wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n ara wọn, wọ́n ní àwọn sàn ju èèyàn 62 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí èèyàn ì bá fi ṣe iṣẹ́ náà dáadáa náà ló yẹ kó fi mọ̀ pé òun kò ṣe é dáadáa. Ẹ kọ́ irú wọn ní iṣẹ́, ojú wọn á là, wọ́n á sì dín ohun tí wọ́n ń pe ara wọn kù. Ti ọkọ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ iṣẹ́.

Ìjọra-ẹni-lójú ni kí a yẹ̀ wò. Ní 2004, Keith Campbell, Adam Goodie àti Joshua Foster ní Amẹ́ríkà bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè gbogbogbòò. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kálukú á sọ bó ṣe dá a lójú tó, wọ́n á sì fún un láǹfààní láti ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó jọ ara wọn lójú kò gba ìbéèrè ju àwọn yòókù lọ, ìdánilójú wọn nìkan ló ga. Wọ́n ta tẹ́tẹ́ púpọ̀, wọ́n sì pàdánù. Apá kẹta ìwádìí náà ló kan ilé yín gan-an: nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ bí wọn ó ṣe ṣe sí lọ́jọ́ iwájú, ohun tí wọ́n ti retí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n, wọn kò fi ohun tí wọ́n ti ṣe díwọ̀n. 58 yẹn kò ti inú 23 wá. Inú "ta ló tún ń rán agbádá bíi tèmi" ló ti wá.

Don Moore àti Paul Healy fi hàn ní 2008 pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìdánilójú àṣejù pín sí: kí èèyàn rò pé òun lè ṣe ju bó ṣe lè ṣe lọ, kí ó rò pé òun ju ẹgbẹ́ òun lọ, kí ó rò pé iye tí òun dá kò lè yẹ̀. Ìkejì máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú àwọn awakọ̀ ará Amẹ́ríkà tí Ola Svenson bi léèrè ní 1981, 93 nínú 100 ló ní òun mọ ọkọ̀ wà ju ìdajì àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ọkọ yín jà lórí ìkejì. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé kò sí télọ̀ bíi tirẹ̀. Ìyẹn kò fi ọjọ́ kan kún oṣù.

Ohun mìíràn wà tí ẹ ó ti kíyè sí. Harry Wallace àti Roy Baumeister rí i ní 2002 pé níbi tí iyì wà ni àwọn ajọ-ara-wọn-lójú ti máa ń ṣe dáadáa. Níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa rí wọn, ọwọ́ wọn á dẹ̀. A ó fi nǹkan kan jiyàn pé agbádá olórí ẹgbẹ́ máa ń jáde bí ẹyin. Ṣòkòtò ọmọ ẹgbẹ́ tí kò gbajúmọ̀ ni òwú rẹ̀ ń já.

Nísinsìnyí, ẹ mú bébà. Ẹ má mẹ́nu kan ìgbéraga rárá. Ẹ ka ọwọ́ tó lè rán agbádá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ má ka ọmọṣẹ́ tó ṣì ń kọ́ bọ́tìnnì. Ká ní wọ́n jẹ́ 3. Ẹ wo ọjọ́ tí ọwọ́ kan fi ń parí odidi kan, ìyẹn agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 2. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ 4, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 24 lẹ ní. 24 lọ́nà 3 jẹ́ 72, ẹ pín in sí 2, ó di 36. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún iná tó máa lọ, òkú tó máa kú àti ìgbéyàwó tí ẹ kò lè ṣàìlọ. Ó ku 27. 27 yìí kò jìnnà sí 23 ti ọdún tó kọjá, ó jọ òótọ́ nìyẹn. Ká ní ìṣirò yín gbé 50 jáde ni, ìṣirò lẹ máa tún ṣe, ẹ kò ní bá ọdún tó kọjá jà.

58 yọ 27, ó ku 31. Èyí tí ẹ ó gbé fún télọ̀ mìíràn nìyẹn, kí ó sì jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, torí bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kò ní sí télọ̀ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ọwọ́ rẹ̀ máa dilẹ̀.

Kí òun fúnra rẹ̀ kọ iye tó gbà pé òun ó parí, kó kọ déètì sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kó kọ ohun mẹ́ta tó lè dí i lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí: ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé bí ohun tí ajọ-ara-rẹ̀-lójú sọ bá ṣẹ, á ní "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀", bí kò bá ṣẹ, á ní "kò sẹ́ni tó lè mọ̀". Kì í bi ara rẹ̀ pé kí ló yẹ kí n ti ṣe, ìdí nìyẹn tí kì í fi kọ́gbọ́n. Bó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "iná" sílẹ̀ lóṣù kan ṣáájú, kò ní lè sọ lẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ iná ló bá òun lójijì. Ẹ̀yin náà á sì ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Lálaalẹ́ Sátidé, ẹ ka èyí tó ti parí. "Parí" ni èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti ká sínú ọ̀rá. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí, torí "ó ku ọrùn nìkan" máa ń wọnú kíkà, ọrùn ló sì máa ń gba odidi ọjọ́. Ẹ má ṣe kà á lójú àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú tí ẹ bá tú fó láwùjọ, ara rẹ̀ ló máa gbèjà, kò ní rí nọ́ńbà mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo jọ ara mi lójú jù. Mi ò gbà. Báwo ni mo ṣe lè dán ara mi wò láì náwó? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè)

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹniẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni. Má tètè lé àwọn ọ̀rẹ́ yẹn.

Ìwé ìbéèrè tí àwọn olùwádìí ń lò jù ni ti Robert Raskin àti Howard Terry, 1988, tó ní gbólóhùn méjì-méjì lọ́nà 40. Ṣùgbọ́n ní 2014, Sara Konrath, Brian Meier àti Brad Bushman fi hàn pé ìbéèrè kan ṣoṣo náà lè ṣiṣẹ́ díẹ̀: láti 1 dé 7, mélòó ni o gbà pé o jọ ara rẹ lójú? Ó pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ní ìwà yìí kì í kà á sí àbùkù, kò ní ìdí láti fi pa mọ́.

Ìyẹn á sọ ìwà rẹ fún ọ. Kò ní sọ bí ìdíwọ̀n rẹ ṣe jìnnà sí òótọ́ tó. Fún ìyẹn, mú bíírò, dáhùn àwọn 10 yìí láì wo fóònù. Má kọ iye kan. Kọ iye ìsàlẹ̀ àti iye òkè, kí ó sì dá ọ lójú ní ìdá 90 nínú 100 pé ìdáhùn gidi wà láàrin méjèèjì.

1. Ọdún wo ni wọ́n ja ogun Ìmàgbọn láàrin Ìjẹ̀bú àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì?
2. Ọdún wo ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹnnẹ́?
3. Ọdún wo ni Hubert Ogúndé, ọmọ Òsósà, kú?
4. Ọdún wo ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀?
5. Kìlómítà mélòó ni yàrà Súngbọ́ Eredò gùn yíká?
6. Kìlómítà mélòó ni afárá Third Mainland ní Èkó?
7. Kìlómítà mélòó ni odò Ọya, láti orísun rẹ̀ dé òkun?
8. Súrà mélòó ló wà nínú Kùránì?
9. Mítà mélòó ni òkè Kilimanjaro ga?
10. Kìlómítà mélòó ló wà láàrin ayé àti òṣùpá?

Ìdáhùn wọn wà ní ìparí ojú ewé yìí. Bí ìdánilójú rẹ bá bá òótọ́ mu, 9 ló yẹ kí o mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mú ju 5 lọ, torí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rò ni wọ́n ń so mọ́lẹ̀, wọn kì í na ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì tó. Bí o bá kọ "láti 0 dé mílíọ̀nù kan" kí o lè mú gbogbo rẹ̀, ara rẹ lo tàn.

Ìdánwò kejì gba ọ̀rẹ́ kan. Kó kọ orúkọ 20 lórí ohun tí o ní o mọ̀, bóyá bọ́ọ̀lù, ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ rẹ ní yunifásítì. Kí 16 jẹ́ gidi, kó hùmọ̀ 4 tí kò sí rí. Kó má sọ èwo ni èwo fún ọ. Fàmì sí èyí tí o "mọ̀". Delroy Paulhus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú rẹ̀ ní 2003: orúkọ 150, tí 30 nínú wọn kò sí láyé. Àwọn tó jọ ara wọn lójú ló sábà máa ń "mọ" èyí tí kò sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í sábà jẹ́ irọ́. Orúkọ náà dún bí ohun tí irú wọn yẹ kó mọ̀, nítorí náà wọ́n gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Bí o bá fàmì sí méjì nínú mẹ́rin yẹn, lọ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Kékeré kan ló kù: búrẹ́dì kan àti ẹyin kan jẹ́ ₦2,200. Búrẹ́dì fi ₦1,800 wọ́n ju ẹyin lọ. Eélòó ni ẹyin? Dáhùn kí o tó kà síwájú. Bí ₦400 bá ti wá sí ọ lẹ́nu, o wà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn. ₦200 ni. Ìwádìí kan láti Kánádà ní 2020 rí i pé àwọn ajọ-ara-wọn-lójú máa ń kùnà nínú irú ìbéèrè báyìí ju ẹlòmíràn lọ, torí ìdáhùn àkọ́kọ́ ti dá wọn lójú, wọn kò padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ń ba ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, jẹ́ torí pé mo ń ki oríkì rẹ̀ láràárọ̀ tí mo sì ń yìn ín. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń múra JAMB, ó ní 300 kò lè fo òun. Ṣé èmi ni mo fà á? (Ìyá ọmọ, Ìkẹnnẹ́)

Ẹ máa ki oríkì ọmọ yín lọ, màmá. Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ 565 tó wà láàrin ọdún 7 sí 11 ní Netherlands, pẹ̀lú àwọn òbí wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè nígbà mẹ́rin ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn ọmọ tí òbí ń fi ìfẹ́ hàn sí dàgbà di ẹni tó mọyì ara rẹ̀. Àwọn tí òbí ń sọ fún pé wọ́n sàn ju ọmọ yòókù lọ ló túbọ̀ ń jọ ara wọn lójú. Ipá rẹ̀ kò pọ̀, òbí nìkan kọ́ ló ń mọ ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. Lójú tiwa, oríkì ń sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti wá fún un. Kò sọ pé ọmọ aládùúgbò kò tó nǹkan.

Nínú ìwádìí mìíràn tí àwọn kan náà ṣe, òbí tó ń gbé ọmọ ga jù máa ń ní ọmọ òun mọ orúkọ ọba àti ìwé tí kò sí rí láyé. Ẹ rí i pé ìdánwò ọmọ Àgọ́-Ìwòyè yẹn náà ni, òbí ló kàn ń bá ọmọ ṣe é.

Ní ti yíyìn, ẹ yin ohun tó ṣe, kí iye sì wà níbẹ̀. "O gba 8 nínú 10, èyí tó jẹ́ ìpín ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ." "Kò sẹ́ni tó gbọ́n bíi tìrẹ" lẹ máa fi sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n, 300 nínú 400 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kó kọ máàkì tó retí sórí bébà, kó sì jókòó ti ìbéèrè àtijọ́: 180 ní wákàtí 2, ìyẹn 60 fún Gẹ̀ẹ́sì àti 40-40 fún mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀yin di fóònù mú, kí aago máa ká. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní Sátidé mẹ́ta. Máàkì àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa retí. Ẹ má fi èyí tó ga jù ṣe ìdíwọ̀n, òun ló máa fẹ́ kí ẹ mú.

Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó fẹ́ ká fi mílíọ̀nù 6 ra bọ́ọ̀sì, ó ní owó náà á padà láàrin oṣù 8. Ta ló máa bá a jiyàn? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òde Rẹ́mọ)

Kò pọn dandan kẹ́nikẹ́ni jiyàn. Mílíọ̀nù 6 sí ọ̀nà 8 jẹ́ ₦750,000 lóṣù. Bí bọ́ọ̀sì bá ń jáde ní ọjọ́ 26, ó gbọ́dọ̀ mú nǹkan bí ₦28,850 wálé lójúmọ́, lẹ́yìn epo, owó dírẹ́bà, owó gáréèjì àti táyà. Kí ẹni méjì lọ sí gáréèjì Ṣágámù, kí wọ́n bi oníbọ́ọ̀sì mẹ́ta léèrè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye tí wọ́n ń mú wálé gan-an àti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lóṣù tó kọjá. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ oṣù tó rò pé owó á fi padà sórí bébà láìkọ orúkọ. Ẹ kà á jáde kí alága tó sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, gbogbo bébà á kọ 8.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọlé wà nínú iṣẹ́ Paulhus ti 1998. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń pàdé lẹ́ẹ̀meje. Nípàdé àkọ́kọ́, àwọn tó ń gbé ara wọn ga ni àwọn yòókù rí bí ẹni tó mọ nǹkan ṣe. Nígbà tó fi di ìpàdé keje, wọ́n ti sú wọn. Ọ̀rọ̀ yín ni pé ìpàdé kan tàbí méjì lẹ sábà fi ń yan alága. Oyè pàápàá ń bu epo síná: ìwádìí 2016 kan fi hàn pé bí agbára bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú, ìdánilójú àṣejù rẹ̀ á tún ga sí i.

(Àwọn olùwádìí méjì, Arijit Chatterjee àti Donald Hambrick, wo ọ̀gá àgbà 111 ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà láàrin 1992 sí 2004. Ara ohun tí wọ́n fi díwọ̀n ìjọra-ẹni-lójú ni bí fọ́tò ọ̀gá ṣe tóbi tó nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún. Iléeṣẹ́ àwọn tó jọ ara wọn lójú kò fi bẹ́ẹ̀ burú ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fò sókè, á sì já lulẹ̀. Ẹ lọ wo kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ yín.)

Bí ẹ bá padà rà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ṣáájú: bí owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá tó iye báyìí, a ó tà á. Kí alága náà fọwọ́ sí i.

Ṣé àìsàn ni ìjọra-ẹni-lójú? Ṣé ilé ìwòsàn lèèyàn á gbé e lọ? (Òǹkàwé, Ìṣarà)

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwà ni, ó kàn pọ̀ lára ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ. Èyí tó di àìsàn wà nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò láti 1980: àmì 9 ló wà, ó gbọ́dọ̀ tó 5, ó gbọ́dọ̀ ti wà láti ìgbà èwe, kó sì ti máa ba iṣẹ́ àti ilé jẹ́. Dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyàwó, kì í sì í ṣe àwa. Ẹ tún mọ̀ pé gbogbo ajọ-ara-rẹ̀-lójú kọ́ ló ń pariwo. Irú kan wà tó máa ń dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ kékeré ń dùn wọra, irú yẹn kì í sábà ní ìdánilójú àṣejù.

Ohun tó yẹ kó lé yín sáré ni ìyípadà òjijì. Ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ṣàdédé ń sọ pé òun ní agbára ńlá, tí kì í sùn ju wákàtí 2 tàbí 3 lọ tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó ní ìnákúnàá, àìsàn mìíràn nìyẹn, ó sì ní oògùn. Àgbàlagbà tí ìwà rẹ̀ yí padà láìnídìí náà nílò àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù.

Ìdáhùn ìdánwò ọmọ Àgọ́-Ìwòyè: 1) 1892. 2) 1909. 3) 1990. 4) 1976. 5) nǹkan bí 160. 6) nǹkan bí 11.8. 7) nǹkan bí 4,180. 8) 114. 9) 5,895. 10) nǹkan bí 384,400. Ẹ fi iye tí ẹ mú ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rò pé ẹ ó mú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.